Irú Màmá Mi àti Natto Àwọn Ará Mito

Oríkì ìlú wa sọ pé àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété a máa jẹ ọkà kí a tó mu ẹ̀kọ yangan. Nítorí náà, nígbà tí mo lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìpínlẹ̀ Ibaraki, ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù, ìrẹsì àti ọbẹ̀ gbígbóná tí wọ́n fi ń jí kò yà mí lẹ́nu. Oúnjẹ ọ̀sán ló yà mí lẹ́nu.

Ní ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́ nílé, abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn ọmọ ti ń ra oúnjẹ, àwa olùkọ́ a sì jẹ tiwa nínú ọ́fíìsì. Ní Jàpáànù, tí òfin oúnjẹ ilé-ìwé ti wà láti ọdún 1954, inú kíláàsì ni olùkọ́ àti ọmọ ti jọ ń jẹ oúnjẹ kan náà. Ọ̀gá ilé-ìwé ní í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ó lè dá a lójú pé kò léwu. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ tí iṣẹ́ kàn lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú aṣọ àti fìlà funfun, yóò bù ún fún gbogbo wa, títí kan èmi. Lọ́jọ́ kan tí mo ki igi ìjẹun mi méjèèjì bọ inú ìrẹsì, tí mo sì fi wọ́n sílẹ̀ lóòró, ọmọdébìnrin kan rọra yọ wọ́n, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ fún òkú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi, nítorí ọmọ Yorùbá mọ ohun tí èèwọ̀ jẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bu natto fún wa ni n kò lè gbàgbé. Sóyà ni wọ́n ń sè, tí wọ́n sì ń bò mọ́lẹ̀ títí yóò fi máa yọ̀, tí yóò sì máa fà bí ilá. Mito, olú-ìlú Ibaraki, gbajúmọ̀ fún un, àmọ́ òórùn rẹ̀ ń lé ọ̀pọ̀ àlejò sá, àwọn ọmọ sì ń wò mí bóyá èmi náà yóò sá. Bí mo ti ṣí i, ìsọ̀ màmá mi ní Ọjà Jagun ni mo rí, níbi tí wọ́n ti ń ta irú kí n tó gbọ́njú. Kòkòrò àìfojúrí kan náà, Bacillus subtilis, ló ń sọ sóyà di natto, tó sì ń sọ èso igi igbá di irú. Mo jẹ tèmi tán, mo sì tún bù sí i.

Ní ìsinmi oṣù Kẹjọ yìí, mo gbé natto gbígbẹ wá sílé. Màmá mi dà á sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì nà án sí àwọn onírú ẹlẹgbẹ́ wọn. Wọ́n bi mí bóyá wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, àti irú ewé tí wọ́n fi ń bò ó. Mo ní koríko ìrẹsì ni láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n inú ike kékeré ni wọ́n ń dì í sí báyìí.

"Ike?" ni màmá mi wí. "Kí ló wá ń mú un móoru?"

Mo ṣàlàyé yàrá gbígbóná tí wọ́n ń tò wọ́n sí. Wọ́n ronú sí i fún ìgbà díẹ̀, wọ́n pọ́n ìyókù sínú ewé, wọ́n ní àwọn yóò fi se ilá lálẹ́.