Lọ́yà tuntun, wọ́n ò kọ́ni níṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ o: ohun tójú mi rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ jáde nílé ẹ̀kọ́ òfin, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà témi jáde, máàkì mi dáa gan-an, mo sì rò pé ìyẹn ti tó. Níbi íńtáfíù àkọ́kọ́ tí mo lọ, ọ̀gá tó jókòó ò tiẹ̀ wo sàtífíkéètì mi, ó kàn ní ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì ta ẹ̀rọ fún ilé iṣẹ́ kan ní Faransé, wọ́n kọ ọ́ sínú kọ́ńtíráàtì pé òfin Faransé làwọn máa lò, òfin wo gan-an ló máa darí ọjà yẹn? Mo ní òfin ọjà títà tó wà nínú ìwé òfin Faransé ni, ṣebí wọ́n ti kọ ọ́. Ó ní kí n máa lọ, wọ́n á pè mí. Wọn ò pè mí.

Ìgbà tí mo délé tí mo wá a ni mo rí i pé àdéhùn kan wà lórí ọjà tó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíì, CISG ni wọ́n ń pè é, Vienna ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1980, Faransé àti Jámánì sì wà nínú ẹ̀, torí náà téèyàn bá ti lóun mú òfin Faransé, CISG ti bá a wọlé nìyẹn, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò fẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n mú, ìdáhùn máa yàtọ̀, torí wọn ò sí nínú ẹ̀ ní tiwọn. Ó dùn mí wọra.

Báyìí témi náà ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń gbani síṣẹ́, mo ti mọ ìdí tí wọ́n fi ń bi irú ìbéèrè yẹn. Tẹ́lẹ̀, ìwé ni wọ́n máa ń kó fún lọ́yà tuntun, páálí lórí páálí, kó máa yọ èyí tó kan ẹjọ́ sọ́tọ̀. Iṣẹ́ yẹn ń súni, àmọ́ ibẹ̀ lojú èèyàn ti ń là. Ní báyìí, Íńdíà, Philippines àti South Africa ni wọ́n ń fi púpọ̀ nínú ẹ̀ ránṣẹ́ sí torí owó iṣẹ́ ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kọ̀ǹpútà náà sì ti ń jẹ nínú ẹ̀, oníbàárà ò sì fẹ́ máa sanwó kọ́mọ tuntun máa fi ọ̀rọ̀ òun kọ́ṣẹ́. Wọ́n wá ń retí pé kẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe kẹ́ ẹ tó dé. Lójú tèmi ìyẹn ò dáa, ibo ni wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ? Àmọ́ ẹ má dúró dè wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá rí kọ́ńtíráàtì, ẹ kọ́kọ́ ka ìparí ẹ̀, níbi tí wọ́n ti sọ òfin tí wọ́n máa lò àti ibi tí wọ́n máa gbé ìjà lọ, ṣé kọ́ọ̀tù ni àbí arbitration, ìyẹn kí ẹni táwọn méjèèjì fara mọ́ dá ẹjọ́ náà láìdé kọ́ọ̀tù. Ẹ ka New York Convention ti 1958 dáadáa, ó ti lé ní 170 orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹ̀, òun ló jẹ́ kí ìdájọ́ arbitration tí wọ́n ṣe ní Singapore lè múlẹ̀ níbòmíì, ìdájọ́ kọ́ọ̀tù kì í sábà rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Tí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ń lọ sí Vis Moot ní Vienna, ìyẹn ìdíje táwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti ń fi ẹjọ́ dánra wò, ẹ bá wọn lọ, tí mo bá rí i nínú CV mo máa ń dúró kà á. Tó bá jẹ́ SQE, ìdánwò téèyàn fi ń di lọ́yà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, látọdún 2021 ló ti wà, lọ́yà ilẹ̀ òkèèrè lè ṣe é, àmọ́ ẹ má torí orúkọ náwó sí i tí ẹ ò bá tíì mọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, a bi àwọn ọmọ kan pé báwo ni wọ́n ṣe máa gba gbèsè fún oníbàárà wa lọ́wọ́ ẹnì kan tó wà nílẹ̀ òkèèrè. Gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ kọ́ọ̀tù. Ọmọbìnrin kan tí máàkì ẹ̀ ò tó tiwọn ló ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni dúkìá onígbèsè náà wà?" Òun la gbà.