Bí áísìn kéèkì mi ṣe dẹ́kun dídùn jù

Ọjọ́ ìbí ọmọ mi obìnrin ni mo tó mọ̀ pé àwọn èèyàn kì í jẹ áísìn mi. Mo ń palẹ̀ abọ́ mọ́, mo wá rí i pé nínú abọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n ti fi fọ́ọ̀kì ha áísìn kúrò lára kéèkì, wọ́n rọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kéèkì ti tán, áísìn ló kù. Ìyá mi ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: “Ọmọ mi, kéèkì yìí dáa. Àmọ́ èyí tó wà lórí rẹ̀ yìí, ṣé kì í ṣe ṣúgà lásán?” Ó ká mi lára, torí pé ìdí áísìn yẹn ni mo ti máa ń pẹ́ jù.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n dín ṣúgà kù. Áísìn oníbọ́tà tí mo ń ṣe nígbà náà, bọ́tà gíráàmù 250 sí ṣúgà áísìn gíráàmù 500 ni. Mo sọ ṣúgà di 250. Adùn náà rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn òdòdó tí mo tẹ̀ sórí kéèkì dẹ̀, wọ́n ń yọ̀ wálẹ̀, bọ́tà nìkan lèèyàn sì ń tọ́ wò. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ṣúgà ló ń mú áísìn yẹn nípọn, òun ló ń jẹ́ kó dúró. Ẹ lè dín in kù díẹ̀, kó di 400. Tí ẹ bá dín in kù ju bẹ́ẹ̀ lọ, áísìn á bẹ̀rẹ̀ sí í wó.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ti po tiyín tán, tó sì ti dùn jù, iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí kékeré tó fún bọ́tà gíráàmù 250. Ṣúgà ò ní dín kù o, àmọ́ adùn nìkan kọ́ ni ahọ́n á máa gbọ́ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi mílíìkì díẹ̀ yọ́ iyọ̀ náà, torí pé kì í yọ́ nínú bọ́tà, hóró rẹ̀ á sì máa ró lábẹ́ eyín. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí kékeré kan tàbí méjì náà dáa, kíkan rẹ̀ máa ń ṣẹ́ adùn. Kòkó lẹ́búlẹ́bú tí kò ní ṣúgà tún dáa ju ìyẹn lọ, torí pé ó korò. Mo lo gbogbo wọn, wọ́n sì ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ áísìn oníṣúgà púpọ̀ ṣì ni.

Ìyẹ̀fun ló yanjú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ìyẹ̀fun gíráàmù 40, ṣúgà oníhóró gíráàmù 200, mílíìkì mìlílítà 250, bọ́tà gíráàmù 250. Ẹ po ìyẹ̀fun àti ṣúgà pọ̀ ní gbígbẹ kó má baà ṣe kókó, kí ẹ wá máa da mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé e sórí iná tí ò le, kí ẹ má sì dáwọ́ rírò rẹ̀ dúró. Á kọ́kọ́ ṣàn bí omi, yóò wá ki lójijì. Bí ẹ bá fa ṣíbí kọjá nísàlẹ̀ ìkòkò tí ojú ọ̀nà rẹ̀ ò tètè padé, ẹ tún rò ó fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí òórùn ìyẹ̀fun tútù lè kúrò. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó, kí náílọ́ọ̀nù náà kan ojú rẹ̀ gan-an, kó má baà ya èèpá.

Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ìkánjú ba tèmi jẹ́ nígbà àkọ́kọ́: ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà tí mo dà á sí bọ́tà, gbogbo rẹ̀ sì di omi. Mo gbé abọ́ náà sínú fìríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo tún un lù, ó sì padà bọ̀ sípò. Ẹ lu bọ́tà tó ti rọ̀ nìkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún títí á fi funfun, kí ẹ wá máa fi ṣíbí bu èyí tí ẹ sè sí i. Bó bá ń já wẹ́wẹ́ bíi pé ó ti bàjẹ́, ẹ má dá míkísà dúró, á dán.

Nínú áísìn mi àtijọ́ tó jẹ́ gíráàmù 750, ṣúgà kó 500. Nínú èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, 200 péré ni, ìyẹ̀fun tó jinná ló ń gbé e dúró. Ìyá mi fi ìka tọ́ ọ wò nínú abọ́, kò sọ nǹkan kan, ó tún fi ìka sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pò ó, ẹ má gbára lé ahọ́n yín nìkan. Béèyàn bá ti tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kì í gbọ́ adùn dáadáa mọ́. Ẹ fi sórí kéèkì, kí ẹ fún ẹlòmíì tí ò tíì fẹnu kan án.

Áísìn yìí ò fẹ́ oòrùn, á dẹ̀. Inú fìríìjì ni kó máa gbé, á sì le níbẹ̀ bíi bọ́tà. Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ gbé e síta títí á fi rọ̀, kí ẹ tó tún un lù. Tí ẹ bá lù ú ní tútù, omi ara rẹ̀ á yà sọ́tọ̀.