Bí Àbẹ̀kẹ́ Ṣe Di Sójà Dàhómì Lórí Òkè Olúmọ

Ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọdé rìnrìn àjò láti Èkó, kó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin jàre. Mo ti kó àwọn ọmọ mi méjèèjì yìí wọ bọ́ọ̀sì rí, Àbẹ̀kẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà àti Àkànní tí kò tíì pé márùn-ún, ká tó jáde nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ ọ̀kan ti bì, èkejì ti fẹ́ tọ̀, dẹ́rẹ́bà sì ń wò mí bíi pé èmi ni mo di ojú ọ̀nà. Nínú ọkọ̀ ojú irin wọ́n á dìde, wọ́n á rìn káàkiri, ilé ìtọ̀ wà, kò sí wàhálà. Èyí tó ń lọ Ìbàdàn la wọ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò ní 2021, a wọ̀ ọ́ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ní ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson, Abẹ́òkúta la sì ń lọ, torí ọmọ Ẹ̀gbá pọ́ńbélé ni ìyá mi, àwọn ọmọ ò sì tíì fojú kan Olúmọ rí.

Ọkọ̀ ò tíì sáré dáadáa tí Àkànní fi dìde. Ó fọwọ́ kan di àga mú, ó na èkejì síta, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí kọ́ńdọ́ ṣe ń ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn dáńfó, ló bá figbe ta: “Ọ̀jọ́ta! Kétu! Mile 12! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” Àbẹ̀kẹ́ ti yọ ìdérí abọ́ ìrẹsì, ó ń fi í ṣe sítíárìn, ó ń fẹnu fun fèrè. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n jókòó, àfi bí bàbá àgbà kan tó wà níwájú wa ṣe gbé fìlà sókè, wọ́n ní, “Kọ́ńdọ́, ó wà o! Láfẹ́nwá ni mo ti fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀.”

“Ẹ sanwó yín ná, Bàbá.”

Bàbá wá inú àpò, wọ́n mú súìtì kan jáde, wọ́n fún un, wọ́n sì ń retí ṣéńjì. Ẹ ò ní gbà gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ṣe. Ó so bàbá pọ̀ mọ́ màmá tó jókòó ti wọ́n, pé kí àwọn méjèèjì lọ wá ṣéńjì síra wọn nílẹ̀! Gbogbo kóòṣì rẹ́rìn-ín. Ta ló kọ́ ọ? Kì í ṣe èmi o, ìgboro Èkó ni. Bàbá ní Láfẹ́nwá lọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ń dúró sí nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, pé ibẹ̀ layé wà nígbà yẹn. Tiwa ní tiẹ̀, ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè ló já wa sí, ẹ ṣì máa wọ takisí kẹ́ ẹ tó dé àárín ìlú.

Ní Olúmọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló mú wa kiri, bọ̀dá ni àwọn ọmọ ń pè é. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní nígbà tí ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká nínú igbó wọn, tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn débí ní 1830, abẹ́ àpáta yìí ni wọ́n sá sí. Ó mú wa wọ ibi tí wọ́n ń gbé. Òrùlé àpáta yẹn wálẹ̀ gan-an, èmi tẹ̀ ba, àwọn ọmọ dúró ṣánṣán, inú wọn sì dùn pé ẹ̀ẹ̀kan yìí ni ilé bá àwọn mu ju mọ́mì lọ. Àwọn ihò kéékèèké wà nílẹ̀ àpáta tí wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ nǹkan ọbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ lóṣòó, ó da iyẹ̀pẹ̀, ewé gbígbẹ àti èérún bisikíìtì sínú ọ̀kan, ó mú òkúta, ló bá ń lọ ata, ó ń fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú pé ata ń ta òun. Ó bù ú fún bọ̀dá. Bọ̀dá fọwọ́ kàn án, ó ṣe bí ẹní tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ ò tó.

Àkànní ní, “Bọ̀dá, níbo ni wọ́n wá ń ṣu sí?” Bọ̀dá wo ojú mi, èmi wo ibòmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà tó dórí ogun Dàhómì, ìjọba àtijọ́ kan tó wà níbi tí wọ́n ń pè ní Benin Republic báyìí. Ó ní wọ́n gbógun wá ní 1851, wọ́n tún wá ní 1864, àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà nígbà méjèèjì, àti pé obìnrin wà nínú àwọn ọmọ ogun tó wá yẹn, tí wọ́n ń gbé ìbọn. Àbẹ̀kẹ́ fi ata sílẹ̀.

“Obìnrin? Pẹ̀lú ìbọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, akin sì ni wọ́n.”

“Èmi ti di sójà Dàhómì.”

Háà! Ọmọ ọmọ Ẹ̀gbá! Àkànní ké gbàjarè, “Mọ́mì, ó ti lọ sọ́dọ̀ ọ̀tá!” Bí ogun ṣe bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Lífìtì wà níbẹ̀ o, wọ́n ní sójà kì í wọ lífìtì, àtẹ̀gùn la gùn, Àkànní ń sá lọ síwájú láti ṣọ́lé, Àbẹ̀kẹ́ ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn, èmi ń mí hẹlẹ láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn ọmọ iléèwé kan tó wá wòran ti pín sí ọ̀nà méjì, àwọn obìnrin ibẹ̀ ti lọ dara pọ̀ mọ́ Dàhómì. Bọ̀dá fẹ́ là wọ́n níjà, ó ní ṣebí Dàhómì ò wọ̀lú. Àbẹ̀kẹ́ ní ìyẹn ti tiwọn, ti òun nìyí.

Mo rí dádì kan níbẹ̀ tó ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè lórí gbogbo àtẹ̀gùn, ọdún wo, ta ni, kí ló dé. Ọmọ náà ń yọjú wo tiwa ṣáá. Èmi ò lè ṣe irú ìyẹn, a ti fi iléèwé sílẹ̀ nílé jàre.

Téèyàn bá dé òkè pátápátá, tó ga tó 137 mítà sí ojú òkun, gbogbo páànù Abẹ́òkúta tó ti dípẹtà á tẹ́ rẹrẹ síwájú ẹ, ẹ máa rí odò Ògùn, ẹ máa rí ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's ní Aké. Àkànní ò rí ìyẹn rárá. Gbogbo Márúwá tó ń kọjá nísàlẹ̀ ló kà sí ẹṣin ọ̀tá. Ẹ tètè lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ wọ̀ wọ́n ní bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, torí sísọ̀kalẹ̀ lewu ju gígùn lọ, ibẹ̀ ni mo ti ní kí ogun dúró ná, kí kálukú fún mi lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọjà Ìtọ̀kú la parí sí nítorí àdìrẹ. Àbẹ̀kẹ́ fa ẹlẹ́kọ aláró kan yọ, ó so ó mọ́ ọrùn, ó sì dúró gangan. Màmá alásọ bi í pé ta ló fẹ́ bá jà. Ó ní, “Àwọn Ẹ̀gbá.”

Gbogbo ìsọ̀ dákẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Màmá ní, “Ó dáa náà, Dàhómì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ja Ìtọ̀kú, owó ló fi ń jà á.” Wọ́n gé àjákù àdìrẹ kan fún Àkànní ní ẹ̀ẹ̀nì, wọ́n fi wé e lórí, wọ́n ní ti balógun Ẹ̀gbá nìyẹn. Èmi tí mo ń nájà láti bí i wákàtí kan, wọn ò dín kọ́bọ̀ fún mi.