Ṣé Ọba Yẹn Ò Bí Obìnrin Ni?

Leicester ni mò ń gbé. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe níbẹ̀, alẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fi mí sí, nítorí náà eré orí ìtàgé kì í ṣe nǹkan tí mò ń lé kiri. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ọkọ rẹ̀ ò ráyè, ló bá fà mí lọ wo Richard Kẹta, eré tí Shakespeare kọ nípa ọba ilẹ̀ England tó gorí oyè ní 1483 tí wọ́n sì pa lójú ogun ní 1485.

Adé àti ẹ̀wù wúrà ni mo ti ń retí. Kóòtù àti táì ni wọ́n wọ̀ jáde! Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ìgbà tí wọ́n wá bẹ Richard kó jọba. Ó dúró sáàárín àlùfáà méjì, ó gbé ìwé àdúrà dání, ó ní òun ò fẹ́ o, òun ò yẹ o. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti jọ ṣètò ẹ̀bẹ̀ náà sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti rí olóṣèlú wa ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìbò ku ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ẹni tó máa túmọ̀ ibẹ̀ fún un.

Nígbà tí mo délé ní Ìkẹ́rẹ́ lóṣù Kejìlá, iyán la ń gún lọ́wọ́ tí Màámi ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo bẹ̀rẹ̀. Edward Kẹrin wàjà, ó fi ọmọkùnrin méjì sílẹ̀, ọ̀kan ọmọ ọdún 12, èkejì ọmọ ọdún 9. Richard, àbúrò ọba, ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ìlú títí ọmọ yóò fi dàgbà. Wọ́n kó àwọn ọmọ sí Ilé Ìṣọ́ London. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, alábòójútó ti di ọba, nígbà tó sì yá, a ò gbúròó àwọn ọmọ náà mọ́. Nínú eré, òun ló ní kí wọ́n pa wọ́n. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lé e lórí dòní.

Màámi dá ọmọ odó dúró. "Ṣé ọba yẹn ò bí obìnrin ni?"

N ò ronú débẹ̀ rí, èmi ọmọ Èkìtì. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, bí ọba bá wàjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń fi ṣe adelé. Á wọ agbádá, á dé fìlà, àwọn ìjòyè á máa kí i ní Kábíyèsí, títí àwọn afọbajẹ yóò fi mú ẹlòmíì.

"Ọkùnrin tó bá ti fìdí kan àga, ta ni yóò gbé e dìde?" Màámi ní. "Wọ́n gbé egungun fún ajá tọ́jú."

Mo fọwọ́, mo yẹ fóònù wò. Ó kúkú bí wọn! Elizabeth ni àkọ́bí ọba, ọmọ ọdún 17 ni lọ́dún yẹn. Òun ló padà fẹ́ Henry Tudor tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa Richard.

Àbúrò mi ọkùnrin ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òkú ọba yẹn wá ńkọ́?" Mo ní inú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Leicester níbẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọn ò mọ ojú oórì rẹ̀ mọ́, àfi ní 2012 tí wọ́n hú u jáde lábẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí.

"Òkú ọba? Mọ́tò ń gun orí rẹ̀?" Màámi jókòó. Iyán ti ń tutù.

Mo tètè fi kún un pé wọ́n tún un sin dáadáa ní 2015, ní kàtídírà. Mo sọ bí wọ́n ṣe dá a mọ̀: DNA káfíńtà kan ní London ló bá ti egungun náà mu, ọmọ ìran ẹ̀gbọ́n Richard obìnrin, láti ọ̀dọ̀ ìyá sí ọmọbìnrin sí ọmọbìnrin.

"Obìnrin náà ló tún wá a rí," Màámi ní. Ó mú ọmọ odó padà. "Elizabeth yẹn, ibo ni wọ́n sin ín sí?"

Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì Westminster ni, ní London.

Ó ní bí mo bá débẹ̀, kí n bá òun kí i. Kí n kúnlẹ̀, kí n sì pè é ní Kábíyèsí.