Ohun tí mo kọ́ nígbà tí àníyàn gba oorun lójú mi

Aago méjì òru ni wọ́n pè mí pé bàbá mi ti lọ. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù bá ti dún lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú, àyà mi á já. Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ dúró de fóònù mọ́. Mo lè jókòó jẹ́jẹ́ lọ́sàn-án gangan, kí àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n, kí èémí má délẹ̀, kí n sì gbà pé ikú ló dé yẹn.

Onígbàgbọ́ ni mí, mo sì ń gbàdúrà. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí jù. Ẹnì kan tí mo finú hàn sọ fún mi pé bí ìgbàgbọ́ mi bá pé, ẹ̀rù ò ní máa bà mí. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹrù mi wá di méjì: àníyàn fúnra rẹ̀, àti ìtìjú pé mo ń ṣàníyàn. Tí ẹnikẹ́ni bá ti sọ irú rẹ̀ fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e rù. Nínú ọgbà Gẹtisémánì, Jésù sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé ìbànújẹ́ ọkàn òun pọ̀ dé ojú ikú, ó sì ní kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Kò fi í pamọ́ fún wọn. Ta ló máa wá sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò pé?

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa, opó ni, ló jẹ́ kí n rí ibi tí àdúrà mi ti wọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, àdúrà tí o gbà láàárọ̀ yìí, tún un gbà kí n gbọ́.” Mo bẹ̀rẹ̀: Olúwa, má jẹ́ kí ìyá mi ṣàìsàn, má jẹ́ kí ọkọ̀ gbá àbúrò mi, má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, má jẹ́ kí... Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ títí. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ìwọ àti ẹ̀rù lẹ jọ ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀. O kàn dijú ni.”

Òótọ́ ni. Mo máa ń lo wákàtí kan lórí ìkúnlẹ̀, tí màá máa ka gbogbo aburú tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì dìde pẹ̀lú àárẹ̀ tó ju ti ìgbà tí mo kúnlẹ̀ lọ.

Màmá ṣí Sáàmù 13 fún mi. Láàárín ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, ìgbà mẹ́rin ni onísáàmù náà bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Sáàmù 88 tilẹ̀ parí sínú òkùnkùn, kò sí orin ayọ̀ kankan nídìí rẹ̀, síbẹ̀ àdúrà ni. Màmá ní kí n máa sọ ohun tó ń ṣe mí, kí n fi ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ní, “Olúwa, ẹ̀rù ń bà mí. Bàbá mi kú, mi ò sì sí níbẹ̀.” Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹkún tí mi ò sun níbi ìsìnkú, alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sun ún.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo padà sí Fílípì 4, tí mo ti há sórí láti kékeré. Mo ti máa ń ka “ẹ má ṣe àníyàn” bí ìbáwí. Mi ò ronú rí pé inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó kọ ọ́. Ó tún ní àlàáfíà Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọkàn wa, ọ̀rọ̀ tó sì lò ní èdè Gíríìkì, iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ìlú ni. A kì í fi ẹ̀ṣọ́ síbi tí kò sí ewu. Nítorí náà, mo jáwọ́ nínú dídúró de ọjọ́ tí ẹ̀rù máa tán pátápátá kí n tó gbà pé Ọlọ́run gbọ́ mi. Mo ra ìwé kékeré kan: ẹ̀bẹ̀ kan lálẹ́, ọpẹ́ kan lálẹ́, ọpẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọjọ́ yẹn gan-an.

Mo lọ rí dókítà pẹ̀lú. Ó yẹ ọkàn mi wò, ó ní kò sí àrùn níbẹ̀, pé ara mi ló ń pariwo ewu níbi tí ewu ò sí. Ó kọ́ mi láti máa mí síta pẹ́ ju bí mo ṣe ń mí sínú lọ, ó sì darí mi sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn. Àwọn kan ní ìyẹn ò bá ìgbàgbọ́ mu. Mi ò gbà. Nígbà tí Èlíjà dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, oorun àti oúnjẹ ló kọ́kọ́ rí gbà, ẹ̀ẹ̀mejì, kó tó gbọ́ ohùn kankan lórí òkè. Ní báyìí, bí mo bá mí sínú, màá ní “Olúwa”, bí mo bá ń mí síta díẹ̀díẹ̀, “ọwọ́ rẹ ni mo wà”. Tó bá sì jẹ́ pé èrò àtikú ló ń wá sí yín lọ́kàn, ẹ má dá nìkan wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ pe ẹnì kan lónìí, ẹ jẹ́ kó sìn yín lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo ti máa ń pa fóònù lálẹ́ kí n má bàa gbọ́ ọ. Ṣe ló ń mú kí ẹ̀rù náà le sí i, torí màá jí láàárín òru máa ronú ẹni tó lè ti pè. Ní báyìí mo ń fi í sílẹ̀ ní títàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dún lẹ́yìn aago mọ́kànlá. Àyà mi já bó ṣe máa ń já. Mo mí síta, mo gbé e. Àbúrò mi ni, ó ń wá ìwé kan tó gbàgbé sọ́dọ̀ mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n díẹ̀ nígbà tí mo fa ìwé kékeré mi yọ, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ síbi ọpẹ́.