Iṣẹ́ Ọlidé àti Ohun Àfipawọ́: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Ní Samaru

Ní ọlidé gígùn tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí SS1, wá bá mi nílé ní Kubwa. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ káàsán o. Ṣọ́ọ̀bù méjì ló ń pè mí kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́, Màmá sì ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu yín." Ṣọ́ọ̀bù kìíní jẹ́ ti ẹni tó ń ta ìwé àti ohun èlò ilé-ìwé. Èkejì jẹ́ ti onídìrí kan tó ti rí irun tí ọmọ náà máa ń dì fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tó sì ṣèlérí owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti olówò ìwé. Mo ní kó gba ti olówò ìwé. Ìyá rẹ̀ kò fara mọ́ ọn, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí owó ìlọ́po méjì kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ní Abuja. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí, torí ohun tí ojú èmi náà rí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Samaru ní Zaria ni mo dàgbà sí, lẹ́bàá Yunifásítì Ahmadu Bello tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. Ẹni tó bá mọ Samaru yóò mọ̀ pé ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà ni ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ti ń jẹun: ẹni tí kò bá gbà wọ́n sílé á ta oúnjẹ fún wọn, ẹni tí kò bá sì ta oúnjẹ á bá wọn tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn tàbí kó bá wọn ṣe fọ́tòkọ́pì. Ní ọlidé gígùn ọdún 1998, mo di ọmọ iṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì wọ̀nyí. Nígbà tí ìyá mi béèrè pé èló ni ọ̀gá náà máa san, mo dáhùn pé ó ní òun yóò wo ọwọ́ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ wo ni yóò wò? Ṣé èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni, àbí èyí tó ń gba owó?" Mo rò pé àwàdà ni wọ́n ń ṣe.

Iṣẹ́ fọ́tòkọ́pì kò rọrùn tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ó ní bí a ṣe ń dojú ìwé dé gíláàsì kí etí rẹ̀ má baà ṣókùnkùn, ó sì ní bí a ṣe ń fẹ́ pépà tuntun ní etí kí méjì má baà wọlé pọ̀, pàápàá ní àkókò òjò tí pépà máa ń mu omi, tí á sì há sínú ẹ̀rọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń ṣe ẹ̀dà márùn-ún iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kan nígbà tí NEPA múná lọ. Kí a tó tan jẹnẹrétọ̀, kí ẹ̀rọ sì tó gbóná, ọkàn mi ti lọ síbòmíràn. Ojú ìwé 46 ni mo ṣe kẹ́yìn, ojú ìwé 48 ni mo sì bẹ̀rẹ̀ padà. Mo di ẹ̀dà márààrún pọ̀, ó dára lójú, mo sì kó o fún oní-nǹkan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó sì ṣí ibi tí ojú ìwé 47 yẹ kó wà sílẹ̀ fún mi láti wò. Ọ̀gá mi tún gbogbo rẹ̀ dì, ó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ní ìparí oṣù, ó ka ₦350 lé mi lọ́wọ́. Mo wojú rẹ̀, mo wo owó náà, n kò sì rí ohun kankan sọ, nítorí a kò dá iye kankan tẹ́lẹ̀ tí mo lè sọ pé ó dín.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ń sọ fún ọmọ ilé-ìwé tó bá fẹ́ ṣe ọmọ iṣẹ́ ni pé kó jẹ́ kí òbí rẹ̀ bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì dá iye owó, aago tí yóò máa lọ sílé, àti ẹni tí yóò ru àdánù bí nǹkan bá bàjẹ́. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń tijú láti béèrè, òun ló sì máa ń fa ìjà. Nítorí rẹ̀ ni n kò ṣe fẹ́ràn kí ọmọ ilé-ìwé jókòó sábẹ́ agbòòrùn POS àfi bó bá jẹ́ ti òbí rẹ̀, torí ọjọ́ tí alert ayédèrú bá wọlé, ọrùn ọmọ náà ni wọn yóò fi gbèsè kọ́. Ní ti aago, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ ní àtẹ̀léra, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́. Èmi ń dé ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́jọ àárọ̀, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí n tó kúrò níbẹ̀.

Bí mo bá ti kúrò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ onítíì tí àwọn Hausa ń pè ní mai shayi ni mo máa ń yà sí. Níbẹ̀ ni àwọn ọkùnrin àdúgbò ti máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gán iṣẹ́ ọnà sí fìlà. Fìlà Hausa tí ẹ ń rí yẹn, àti èyí tí wọ́n ń pè ní Zanna Bukar, tó ń jẹ́ orúkọ Zanna Bukar Dipcharima tó ṣe mínísítà ní ìjọba olómìnira àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ àti sùúrù ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó dára jù nínú wọn. Wọn á fi pẹ́ńsùlù ya àrà sára aṣọ funfun, wọn á sì máa tọ ìlà náà pẹ̀lú òwú aláwọ̀, ojú abẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Malam kan tó ti dàgbà ló fún mi ní àjákù aṣọ àti abẹ́rẹ́. Kò gbọ́ Yorùbá, Hausa tèmi náà sì jẹ́ ti ọjà nígbà yẹn, àmọ́ ó máa ń fi èékánná ìka rẹ̀ wọn àlàfo tó wà láàárín ojú abẹ́rẹ́ kan sí èkejì, bí ó bá sì fẹ̀ jù, á tú u láìsọ̀rọ̀. Oṣù méjì ni mo fi ṣe fìlà àkọ́kọ́ mi. Ó wọ́. Síbẹ̀ n kò tíì rí ohun tó fi ọkàn mi balẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, nítorí kò sí ẹni tó ń dúró dè é.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi rí èkejì tí mo ṣe, mẹ́rin nínú wọn sì san àsansílẹ̀ pé kí n bá àwọn ṣe tiwọn kó tó di Ìtúnu Àwẹ̀, èyí tó bọ́ sí oṣù kìíní 1999. Mo gbà á. Bí mo bá ronú sí i báyìí, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín: ọmọ tó fi oṣù méjì ṣe fìlà kan ṣèlérí mẹ́rin láàárín oṣù méjì! Ọyẹ́ dé, etí ìka mi là, òwú sì ń há sínú àpá rẹ̀. Mò ń gán fìlà lábẹ́ dẹ́ẹ̀sì nígbà tí tíṣà ìṣirò ń kọ nǹkan sí pátákó, mo sì gba 31 nínú 100 nínú ìdánwò sáà kìíní. Fìlà méjì péré ló parí kí ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ tó dé. Bàbá mi fi owó ara wọn dá àsansílẹ̀ àwọn méjì yòókù padà, wọn kò sì bá mi wí, èyí tó dùn mí ju ẹgba lọ. Ohun tó burú jù ni pé n kò lè lọ jókòó lọ́dọ̀ onítíì mọ́. Bí mo bá rí abẹ́rẹ́, gbèsè ni mo ń rí. Ó tó ọdún mẹ́fà kí n tó tún mú fìlà dání.

Àwọn kan á ní àìmọ̀wọ̀n ara mi ló bà mí jẹ́, pé bí mo bá gba fìlà kan ṣoṣo, ì bá ti dára. Bóyá lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo gbà pé iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ ní ọjọ́ tí yóò parí, ọlidé ló ń parí rẹ̀, bí ó bá sì burú, ọmọ náà á fi í sílẹ̀ padà sí ilé-ìwé láìsí àdánù púpọ̀. Ohun tí ọmọ fi ń gbádùn ara rẹ̀ kì í parí pẹ̀lú ọlidé. Bí ẹlòmíràn bá ti san owó lé e, ó ti ní olówó, olówó yẹn á sì tẹ̀ lé e wọ inú sáà, wọ inú ìmúra sílẹ̀ fún WAEC, títí dé Sátidé tó yẹ kó fi sinmi. Ẹni tó ti jáde ilé-ìwé lè yàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ SS2 ṣì lè dúró.

Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jọ lọ sọ́dọ̀ olówò ìwé náà. Mo ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ iye owó àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sórí pépà. Olówò náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì rí irú èyí rí lọ́dọ̀ ọmọ iṣẹ́, ó sì bu ọwọ́ lù ú. Ní ti irun, ó ṣì ń dì í lọ́jọ́ Sátidé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bá a níbi tó ti ń tú irun tí ó ti dì dé ìdajì lórí àbúrò rẹ̀. Ó ní ìlà rẹ̀ wọ́. Àbúrò rẹ̀ ń ráhùn, òun kò sì dá a lóhùn.