Nítorí ilẹ̀kùn

Láti ìgbà tí adigunjalè ti dá ọkọ̀ wa lọ́nà, mi ò lè kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn mọ́. Bùkátéríà o, ṣọ́ọ̀ṣì o, kò yọ ibì kankan sílẹ̀. Àná ni mo tó lọ rí olùtọ́jú ọgbẹ́ ọkàn kan l'Ábẹ́òkúta.

Mo ti to àlàyé sẹ́nu bí ẹni tó ń lọ àgọ́ ọlọ́pàá. Màmá náà ò bèèrè nǹkan kan. Ó kàn ní, "Ẹ jókòó síbi tó bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ṣé ká ti ilẹ̀kùn ni, àbí ká ṣí i sílẹ̀?" Ẹ̀yin ará, omi bọ́ lójú mi. Nítorí ilẹ̀kùn!

Nọ́ọ̀sì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ó pẹ́ kí àwọn tó mọ̀ pé "Kí ló ṣe yín?" yàtọ̀ sí "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín?" Wọ́n sọ ti olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, tó jẹ́ pé ní 1954 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ Aró, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án.

Nígbà tí àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já, wọ́n ní kí n tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí n ka nǹkan márùn-ún tí mo ń rí. Fáànù. Kàlẹ́ńdà. Ife omi. Bàtà wọn. Aláǹgbá kan lójú fèrèsé, tó ń mi orí bí alàgbà ìjọ. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò tíì sọ ìtàn náà rárá. Wọn ò sì kán mi lójú. Ó di Ọjọ́bọ̀.